Ìwé Ìbí Àbúrò Mi

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n wá bá mi nílé, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tèmi ní Sabon Gari, ní Kánò. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà, mo na ẹsẹ̀ ọ̀tún mi gbọọrọ síwájú, mo fi aṣọ tí mo rì bọ omi gbígbóná lé orúnkún rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti tún ilẹ̀ pápá wa ṣe, àwọn ti gbé irin apẹ̀rẹ̀ tuntun sókè, ó ku ògiri. Orúkọ mi ni wọ́n fẹ́ kọ sára ògiri náà, kí àwọn ọmọbìnrin tí mo ń kọ́ lè máa rí i tí wọ́n bá wá ṣeré nírọ̀lẹ́. Wọ́n mú bébà kan jáde pé kí n wò ó bóyá àwọn kọ ọ́ dáadáa.

Mo wò ó. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa, lẹ́tà kan kò yẹ̀ nípò. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í ṣe orúkọ mi.

Orúkọ àbúrò mi obìnrin ni, èyí tó tẹ̀lé mi lẹ́yìn, tí mo fi ọdún mẹ́ta jù lọ. Kò jìnnà sí wa. Gwagwarwa ló ń gbé, ó ń ránṣọ níbẹ̀. Kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀, orí rẹ̀ kò sì dé abíyá mi. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni mo jẹ́ fún gbogbo ọdún mẹ́tàlá tí mo fi bọ́ọ̀lù jẹun, ní Àbújá, ní Èkó àti ní Màpútò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin náà, mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n fi rò ó. Wọ́n rò pé ojú ló ń tì mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi bébà náà sílẹ̀ fún mi, wọ́n lọ.

Bàbá wa tajà ní ọjà Singer: ṣúgà, mílíìkì, ọṣẹ, páálí lórí páálí. Ọmọ Ọ̀fà ni, ṣùgbọ́n Kánò ni wọ́n bí i sí, Kánò náà ni wọ́n bí àwa sí. Yorùbá la ń sọ nílé àti ní mọ́ṣáláṣí, Hausa la ń sọ níta, tí ìyá wa bá sì ń bá wa wí, a máa ń fi Pidgin dá a lóhùn kí inú lè bí i sí i. Mo ti ga ju bàbá mi lọ kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Àwọn ìyá àdúgbò á rí mi lókèèrè, wọ́n á ní kí n bá àwọn wo bóyá òjò ń bọ̀. Èmi náà kì í gbà fún wọn. Ẹnu mi mú nígbà yẹn, kò sì tíì kú dòní. Nílé, gíga mi kò wúlò fún nǹkan kan ju kí n pààrọ̀ gílóòbù iná lọ.

Ìgbà tí kóòṣì kan rí mi lọ́jà, tó tẹ̀lé mi délé, ni nǹkan yí padà. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń dúró lábẹ́ irin, bí a ṣe ń fi ìdí sé ẹlòmíràn mọ́ ẹ̀yìn, kí bọ́ọ̀lù tó bá ta padà lè jẹ́ tèmi. Iṣẹ́ mi nìyẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn mìíràn ló ń sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń gba àtẹ́wọ́, èmi ni mò ń gba ohun tí wọ́n bá pàdánù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí ara mi bá ibì kan mu, tí n kò sì ní láti tẹ̀ ba.

Mo pé ogún ọdún nígbà tí kóòṣì wá bá bàbá mi pé wọ́n ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ jọ fún ìdíje kan ní Àbújá, àwọn ẹgbẹ́ láti Èkó á wá wòran, wọ́n á sì mú ẹni tó bá wù wọ́n. Àwọn tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún nìkan ni wọ́n ń gbà. Ìyá wa gbé àpótí onírin jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí gbogbo ìwé ilé wa wà. Kóòṣì yẹ ìwé ìbí mi wò, ó mi orí.

Ó ní, "Alhaji, ọmọ yín á lọ jìnnà. Ìwé yìí ni kò ní jẹ́."

Kò sọ pé kí a ṣe nǹkan kan. Ó ń mu kúnú tí ìyá wa gbé fún un, ó ń wo ògiri. Èmi ni mo na ọwọ́ sínú àpótí náà. Ìwé ìbí àbúrò mi ló wà lábẹ́ tèmi, nítorí òun ló tẹ̀lé mi. Ọwọ́ ara mi ló mú un. Mi ò lè sọ pé ẹnikẹ́ni tì mí.

Wọ́n pè é. Ó ń lọ yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, ó jáde wá tòun ti òógùn lójú. Bàbá wa sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ fi ìwé rẹ̀ lọ sí Àbújá. Bí ìbéèrè ni Bàbá ṣe gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe ìbéèrè. Ọmọ wo ló máa sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níwájú bàbá rẹ̀ àti àlejò, pé òun kò fún un?

Ó wò mí. Ó ní, "Yàyá, ìgbà wo lẹ máa dá a padà?" Yàyá ni àwa ọmọ Kánò ń pe ẹ̀gbọ́n, a gbà á lọ́wọ́ Hausa.

Mo ní, "Tí mo bá ti Àbújá dé."

Ó ní kò burú, ó padà sídìí áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Nílé wa, aṣọ máa ń ti ara ẹ̀gbọ́n bọ́ sí ara àbúrò ni. Gbogbo ohun tó wọ̀ dàgbà ni mo ti kọ́kọ́ wọ̀, ìyá wa á gé e kúrú, á tún un rán. Ọjọ́ yẹn ni nǹkan kọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ gòkè wá sọ́dọ̀ mi, mo sì rò nínú mi pé ó ti tó àkókò tó máa ṣe tirẹ̀ fún mi. Bí mo ṣe rò ó gan-an nìyẹn. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́.

Ní Àbújá, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè mí, mi ò yíjú. Kóòṣì fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn. Ìgbà kẹta, mo dáhùn. Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn èèyàn ń fi í kígbe lórí ìjókòó, mo ń juwọ́ sí wọn bí ẹni pé èmi ni ìyá mi sọ ọ́. Ẹgbẹ́ kan mú mi lọ sí Èkó láti ibẹ̀. Wọ́n fi ìwé yẹn ṣe pásípọ́ọ̀tù fún mi, wọ́n fi kọ gbogbo àdéhùn mi. Mi ò padà sílé fún odidi ọdún kan, nígbà tí mo sì dé, mi ò mẹ́nu kan ìwé. Òun náà kò béèrè. Ó kàn bá mi fọ aṣọ eré mi, ó sá a.

Àwọn aládùúgbò tó mọ òótọ́ kò rí i bí ohun burúkú. Ọgbọ́n ni wọ́n pè é. Bàbá wa gé àwòrán mi nínú ìwé ìròyìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Singer, pẹ̀lú orúkọ àbúrò mi lábẹ́ rẹ̀. Ìyá wa sọ fún mi pé tí rédíò bá ń ka ìròyìn eré ìdárayá, tí wọ́n bá dé orí orúkọ náà, àbúrò mi á gbé orí sókè nídìí ìkòkò, á tún gbé e wálẹ̀. Ìyá wa rò pé ó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni. Mo rẹ́rìn-ín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni mò ń bọ̀ yìí. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti kúrò nílé nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa wá pè mí ní pápá pé fóònù ń dúró dè mí láti Kánò. Ó ní ọmọbìnrin kan ló ń béèrè mi. Àbúrò mi ni. Ó ti ní láti sọ orúkọ ara rẹ̀ fún akọ̀wé kí wọ́n tó mọ ẹni tó ń wá, nígbà tí akọ̀wé sì bi í pé ta ni kí òun sọ pé ó ń pè, ó ní àbúrò rẹ̀ ni.

Ó ní, "Yàyá, mo ti yege nínú ìdánwò mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo pa, títí kan fíísíìsì. Wọ́n ti mú mi ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kí n mú ìwé ìbí wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Fọtokọ́pì kọ́ o, orijínà ni wọ́n ń wá. Ẹ bá mi fi rán ẹni tó bá ń bọ̀."

Láti kékeré ló ti ń sọ pé nọ́ọ̀sì lòun máa ṣe. Nígbà tí mo bá fi orúnkún gbá ilẹ̀ ní pápá, òun ló máa ń fi omi gbígbóná àti iyọ̀ nù ún, tí á máa bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tí ìwé yẹn jẹ́ fún un. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé mi ò mọ̀.

Ṣùgbọ́n lóṣù yẹn gan-an ni wọ́n lé ọmọbìnrin kan kúrò nínú ẹgbẹ́ tí a jọ ń figagbága. Ẹnì kan láti ìlú rẹ̀ ló mú rẹ́jísítà ilé-ìwé rẹ̀ wá, èyí tó fi hàn pé ó dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ fún ọdún púpọ̀, ó kó ẹrù rẹ̀, a sì dúró ní fèrèsé, à ń wò ó. Ẹgbẹ́ kan ní Màpútò lókè òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé tí mo máa fi lọ bá wọn. Ẹ̀rù bà mí pé tí ẹni méjì bá ń fi orúkọ kan àti ọjọ́ ìbí kan rìn, ọ̀kan ní Kánò, ọ̀kan ní Èkó, ẹnì kan á rí i lọ́jọ́ kan.

Mo ní, "Ó ti sọnù."

Ó ní, "Ó sọnù, Yàyá?"

Mo ní, "Nígbà tí a kó kúrò nílé tí a ń gbé tẹ́lẹ̀ ni. Mo wá a títí."

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ṣé ara yín le?"

Ìwé náà wà nínú báàgì mi nígbà tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo fi í sínú ọ̀rá, mo fi ọ̀rá náà sínú Kùránì tí ìyá mi fún mi nígbà tí mò ń kúrò nílé, nítorí mo mọ̀ pé kò sí olè tó máa ṣí ibẹ̀. Kò sí olè tó ṣí ibẹ̀ àfi èmi.

Ká ní mo dúró níbẹ̀, ìbá sàn díẹ̀. Mo mọ̀ pé Bàbá lè lọ búra ní kóòtù kí wọ́n fún un ní òmíràn. Iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ kan ni. Nítorí náà mo pe Bàbá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kí ó má tíì lọ. Mo ní tí ìwé bá di méjì, wọ́n á mú mi, ojú á ti gbogbo wa. Mo ní kí àbúrò mi ṣe sùúrù ọdún kan péré, kí n fi dé Màpútò.

Bàbá ní, "Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n. Màá bá a sọ̀rọ̀." Ìyá wa ló sọ fún mi nígbà tó yá bí wọ́n ṣe bá a sọ ọ́. Wọ́n ní kó mú sùúrù fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọn kò sọ fún un pé èmi ni mo ní kí Bàbá má lọ búra. Ó ní ó dáa.

Àwọn baba wa ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi kò rù ú. Àbúrò mi ni mo gbé e rù.

Ọdún kan di méjì. Ilé-ẹ̀kọ́ náà fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀, bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń ṣe. Bàbá wa kú nígbà tí mo wà ní Màpútò, ìyá wa sì ní òun kò lè búra ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni, pé Bàbá ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo dé fún àdúrà fídáù ọjọ́ kẹjọ, mo sì bá àbúrò mi tó ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ó fún mi ní bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, òun sùn sórí ẹní. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó lọ sílé ọkọ ní Gwagwarwa.

Ní tèmi, mo ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Mo gbá a dáadáa, mi ò ní fi ìtìjú purọ́ ìyẹn. Ọdún kẹta ní Màpútò, mo fò sókè, mo já bọ́ọ̀lù gbà, mo sì bọ́ sórí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, orúnkún ọ̀tún mi dún. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún fi í gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún díẹ̀ sí i ní Èkó, ṣùgbọ́n orí bẹ́ńṣì ni mo ń jókòó sí jù lọ. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, àwọn oníròyìn kọ ọ́ pé ó ṣeni láàánú pé ẹni ọgbọ̀n ọdún péré ń lọ sílé. Nínú ìwé, ọgbọ̀n ọdún ni mo jẹ́ lóòótọ́. Orúnkún mi mọ̀ pé irọ́ ni.

Mo padà sí Sabon Gari tòun ti ẹsẹ̀ tí kò ṣe é ká. Obìnrin Yorùbá tí kò lè kúnlẹ̀ kí àgbà, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Àwọn ìyá inú ilé wa sọ pé òkè òkun ti gùn mí lórí. Mi ò ṣàlàyé fún wọn, ìgbéraga mi ti tó kí n jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Àbúrò mi ló lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ní ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe ìwà. Ó tún ń bá mi ra òróró ìfọwọ́ra wá láti ọjà. Ọdún ń gorí ọdún, mo ń jẹ́ kó máa ṣe é, ìwé rẹ̀ sì wà nínú Kùránì mi. Tí ẹ bá bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ, màá sọ pé mò ń wá àyè. Irọ́ ni. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n kì í sì í kúnlẹ̀ bẹ àbúrò ní ìdílé wa. Mo fi ìyẹn bo ara mi bí aṣọ.

Bébà tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn mú wá ló yọ aṣọ náà. Mo gbé e sórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo rò ó pé tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri, àbúrò mi á máa gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ọjà Sabon Gari, á máa rí i. Mo pinnu pé màá sọ fún wọn kí wọ́n kọ orúkọ tèmi, èyí tí ìyá mi sọ mí. Ṣùgbọ́n mo ní láti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, mo mú ìwé ìbí náà nínú Kùránì, mo wọ kẹ̀kẹ́ adaidaita lọ sí Gwagwarwa. Mo na ẹsẹ̀ mi jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, awakọ̀ ń kùn pé mo máa fi gbá èèyàn.

Mo bá a nídìí máṣìnì. Yúnífọ́ọ̀mù funfun ló ń rán, mẹ́fà ti wà lórí okùn lókè orí rẹ̀, pẹ̀lú kọ́là aláwọ̀ búlúù. Mo bi í pé ti ibo ni.

Ó ní, "Ti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni. Èmi ni mo máa ń rán tiwọn. Ẹ kú ẹsẹ̀, Yàyá. Kí ló lé yín jáde nínú oòrùn yìí?"

Mo gbé ìwé náà sórí máṣìnì níwájú rẹ̀, tòun ti ọ̀rá rẹ̀. Ó ti pọ́n, etí rẹ̀ ti jẹ, ṣùgbọ́n ó ṣe é kà. Ó wò ó, kò fọwọ́ kàn án.

Ó ní, "Ẹ ti mú un wá."

Kò yà á lẹ́nu. Èmi ló yà lẹ́nu. Mo ní, "O mọ̀ pé kò sọnù?"

"Láti ìgbà fídáù Bàbá. Kùránì tó wà nílé kò tó àwọn tó fẹ́ ka Yásín. Mo mú tiyín nínú báàgì yín, mo ṣí i, mo sì rí i."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Kí n sọ pé kí ni?" Kò gbé ohùn sókè. "Kí n dúró lójú àwọn tó wá kí wa, kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó purọ́? Ta ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀? Mo fi í padà bó ṣe wà. Mo ní ẹ máa fún mi kí ẹ tó padà sí Màpútò. Ẹ lọ. Mo ní tí ẹ bá tún dé, ẹ máa fún mi. Ẹ dé nígbà ìsọmọlórúkọ ọmọ mi àkọ́kọ́. Ẹ dé nígbà ọdún Iléyá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá dé pátápátá." Ó gé òwú tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́. "Wallahi, mo rò pé ẹ ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀ ni."

Mi ò gbàgbé fún ọjọ́ kan. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ, mo sì rí i pé yóò burú ju pé mo gbàgbé lọ. Mo di etí tábìlì máṣìnì mú, mo fẹ́ kúnlẹ̀. Ti òsì ká. Ti ọ̀tún kọ̀, ó nà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo so rọ̀ mọ́ tábìlì náà, ìdí mi lókè. Ẹni tó bá ń kọjá lọ lóde á rò pé mo ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́. Ohun tí àbúrò máa ń ṣe tí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni pé á sáré dì í mú, á ní kó má ṣe é. Àbúrò mi kò sáré. Ó jẹ́ kí n gbìyànjú títí agbára mi fi tán. Lẹ́yìn náà ló fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó sọ́dọ̀ mi.

Ó ní, "Ẹ jókòó, Yàyá. Ẹsẹ̀ yẹn ò lè ṣe é. Ẹ fi ẹnu sọ ọ́."

Mo jókòó. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìkúnlẹ̀ ló máa nira jù. Mo ní mo jẹ̀bi rẹ̀. Mo ní mo purọ́ fún un, mo sì dí Bàbá lọ́wọ́ kó má lọ búra, pé èmi ni, kì í ṣe Bàbá. Ibẹ̀ ló ti gbé ojú sókè. Kò mọ ìyẹn. Gbogbo ọdún yìí, ó rò pé Bàbá wa ni kò kà á sí tó láti lọ sí kóòtù nítorí rẹ̀.

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi ìdí híjáàbù rẹ̀ nù ún, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́." Kò sọ pé ó ti tán. Mo dúró dè é, kò sọ ọ́.

Nígbà tó yá, mo sọ ọ̀rọ̀ ògiri fún un, kí n lè ní nǹkan rere kan tí mo mú wá. Mo ní màá sọ fún wọn kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n fi tèmi sí i. Ó dá máṣìnì dúró.

Ó ní, "Haba, Yàyá. Ẹ gbà á nígbà tí mo nílò rẹ̀. Ó wá kù díẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ síbi tí èèyàn á ti rí i, ẹ tún fẹ́ yọ ọ́? Ta ló ń fi orúkọ yẹn pè mí mọ́? Ìyá ọmọ ni gbogbo Gwagwarwa ń pè mí. Ọkọ mi gan-an, 'Ìyá wọn' ló ń pè mí. Wọn ò kọ ọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Wọn ò kọ ọ́ sí àyà aṣọ kankan nínú gbogbo èyí tí mo rán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Tiwa ni."

Inú bí mi, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Mo ronú ọdún mẹ́tàlá, mo ronú orúnkún mi, mo ronú bí màá ṣe kú tí kò ní sí ibì kankan láyé tí wọ́n kọ ọ́ sí pé èmi, ọmọ tí ìyá mi bí ṣáájú, gbá bọ́ọ̀lù rí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi pé, ta ló máa mọ̀ pé èmi ni? Ojú mi wá bọ́ sára àwọn aṣọ funfun lórí okùn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo ní kò burú, bí òun náà ṣe sọ ọ́ kó tó padà sídìí áyọ́ọ̀nù lọ́jọ́sí.

Ó ní nǹkan kan ló kù. Òun fẹ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń kọ ọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e ni ọkùnrin Hausa tó ń kọ pátákó gbé àkàsọ̀ rẹ̀ ti ògiri pápá. Àbúrò mi wọ híjáàbù tó máa ń wọ̀ nígbà ọdún. Ó mú ìwé ìbí rẹ̀ dání, ó sì ti yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá. Ọkùnrin náà wo bébà tí wọ́n fún un, ó wá bojú wolẹ̀ wò wá láti orí àkàsọ̀.

Ó ní, "Wace ce mai sunan?" Ó ń béèrè ẹni tó ni orúkọ.

Àbúrò mi ní, "Ni ce." Ó ní òun ni.

Ọkùnrin náà wo bó ṣe kéré tó, ó wo irin tó wà lókè orí wa, ó rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni, pé ṣé èyí ló gbá bọ́ọ̀lù? Àbúrò mi kò wò mí. Ó ń wo ògiri.

Mo ní, "Ita ce." Òun ni.

Ó ní, èmi wá ńkọ́, ta ni mí?

Mo ní èmi ni yàyá rẹ̀. Ó ní ó dáa, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà, ó sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà àkọ́kọ́.